Ìyá Ìyá Mi àti Àwọn Ìwé Béésìbọ́ọ̀lù Rẹ̀

"Ẹ yọ ọ́ kúrò! Ẹ yọ ọkùnrin yẹn kúrò níbẹ̀ kó tó bà á jẹ́ fún wa!"

Rédíò ni ìyá ìyá mi ń pariwo mọ́. Ó jókòó sídìí tábìlì ní ilé ìdáná wa ní Accokeek, ní Amẹ́ríkà, abọ́ ẹ̀wà wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá ju ọ̀kan sínú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, agolo á dún tín-ín. Rédíò kékeré náà wà lójú fèrèsé, ó ń ta yẹẹ bí àlùbọ́sà nínú epo gbígbóná. Ẹni tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tí kò níbi kankan tó ń sáré lọ. Lójijì, igi ba bọ́ọ̀lù, pá! Ariwo àwọn èrò gba inú rédíò kan. Ọwọ́ Màmá, bí a ṣe ń pe ìyá ìyá mi, dúró nínú ẹ̀wà.

"Mo ti wí," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Apá ọmọ náà ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Ọ̀gá wọn kàn jókòó, ó ń jẹ kóró òdòdó bí ẹyẹ. Àyọ̀ká, bu omi fún mi, ọ̀fun mi ti gbẹ."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni, báàgì ṣì wà lẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo bu omi náà, mo sì jókòó tì í. Káńfọ̀ ń rùn lára ìró rẹ̀, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé níta sì ń rùn wọlé láti ojú fèrèsé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀, àfi bíi pé mo máa gbọ́ ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n bá a sọ nígbà tó ń bọ̀. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin nígbà náà, ó wá ní kí ìyá òun wá láti Ìbàdàn, kó wá bá òun wẹ ọmọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá ìyá mi. Ó ti ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun á ti padà dé kí wọ́n tó ṣe ìkórè. Ìkórè ọdún náà kọjá. Ti ọdún tó tẹ̀ lé e náà kọjá. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìkórè mọ́ nínú ilé wa.

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, ọsibítù méjì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Washington, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde nílé. Àárín igi ni ilé wa wà. Ìgbà òtútù nìkan, tí ewé bá ti wọ́ tán, la máa ń rí òrùlé aládùúgbò wa. Bọ́ọ̀sì èrò kò dé ibẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Ẹni tí kò bá lè wa mọ́tò ní Accokeek, bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ló rí. Màmá kò lè wa mọ́tò. Nígbà tí gbogbo wa bá jáde láàárọ̀, òun àti àbúrò mi ló ń kù, àti ìró fíríìjì.

Èmi ni mo mú béésìbọ́ọ̀lù wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Bàbá mi ló fi orúkọ mi sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan ní Oxon Hill, ó ní kí n lè mọ bí àwọn ọmọ ibí yìí ṣe ń ṣeré. Kọ́ọ̀ṣì wa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé aláwòrán tó ṣàlàyé eré náà. Kò pẹ́ tí mo fi kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí kò sẹ́ni tó ráyè gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Ìwé náà ló kù. Mo ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, mo bá Màmá tó gbé e ka iwájú, tó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tó ń ka Bíbélì.

"Àyọ̀ká," ló pè mí, "ta ni eléyìí tó lóṣòó, tó fi irin bojú?"

Mo ní ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù ni.

"Gbà á kọ́. Ó ń *hán* an ni. Bí nǹkan bá ń bọ̀ lófuurufú, tí o sì fọwọ́ mú un, o hán an nìyẹn. Ahánbọ́ọ̀lù ni yóò máa jẹ́ nínú ilé yìí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù di ajubọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá di igi mú tí bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí i gbá, Màmá á ní "afẹ́fẹ́ ló nà." Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àwọn òbí mi bá dúró ń kí èèyàn, èmi àti rẹ̀ á rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oxon Hill, tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù. Ìdí pẹpẹ ìwé ló ń gbà lọ tààrà. Ìtàn ìgbésí ayé àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń rà, ìtàn bí wọ́n ṣe dá eré náà sílẹ̀, àti ìtàn àròsọ tí àwọn èèyàn fi béésìbọ́ọ̀lù kọ. Yàrá rẹ̀, èyí tó fara ti gáráàjì, kún fún wọn títí wọ́n fi dé ojú fèrèsé. Bí mo bá wọbẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti inú àpótí tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tó fẹ́ràn nínú eré náà ni pé kò ní aago nígbà náà. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fọn fèrè sí ọ létí pé ó tó, dìde. Níwọ̀n ìgbà tó bá ku ẹnì kan tó lè gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ òmùgọ̀. Ó ń bá àwọn ìwé náà jà. Ó ń bá àwọn fíìmù jà ju ìwé lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àbúrò mi á sùn sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà ni gbogbo fíìmù béésìbọ́ọ̀lù ń parí sí: bàbá àti ọmọ á máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn lórí koríko, oòrùn á máa wọ̀, ọkùnrin á máa sunkún. Màmá á pòṣé.

"Ìyá wọn dà? Ṣé òjò ló rọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni? Aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀ láti àárọ̀ yìí, ta ló ń bá wọn fọ̀ ọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ wa wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́wọ́ náà, a ń gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìtàn àwọn ọkùnrin dúdú ló dùn ún jù. Wọ́n lé wọn kúrò láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń sùn nínú bọ́ọ̀sì nítorí òtẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ gbà wọ́n. Ó máa ń ka ibẹ̀ sókè fún mi ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ ìtàn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Bí ìwé bá wá dé ibi tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún wọn, tí inú òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, Màmá á da ojú ìwé náà dé.

"Wọ́n ti ọmọ èèyàn mọ́ta títí irun rẹ̀ fi funfun. Wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún àbúrò rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa jó. Èyí tó darúgbó síta ńkọ́? Wọn ò kọ tiẹ̀."

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń bí i nínú. Ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyẹn ló fẹ́ràn láti máa sọ pé ohun tó dára jù nínú béésìbọ́ọ̀lù ni pé ilé ni gbogbo ẹni tó bá ń sáré ń sá lọ. "Ilé!" Màmá á ní. "Pátákó funfun kan nínú iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń pè nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bi mí."

Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí eré náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mi nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, bàbá mi á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, tọdún yìí á ṣeé ṣe." Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ìsọjí á dé pẹ̀lú rẹ̀. Tàbí kí màmá mi gba ófátáìmù. Ewé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ọdún kan wá dé tí wọ́n fún bàbá mi ní tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún eré náà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara fíríìjì. Láràárọ̀, kí Màmá tó gbé omi kaná, á kọ́kọ́ lọ wò wọ́n. Kò fọwọ́ kàn wọ́n o, wíwò ló ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé tí eré náà bọ́ sí, ó ti wẹ̀ kí n tó jí. Ó ró ìró aláró kan tó kó wá láti ilé, tí n kò rí lára rẹ̀ rí, ó wé gèlè tó bá a mu. Ó ti dín ṣiṣín, ó rọ ọ́ sínú ike, ó gbé ẹ̀pà sínú ike mìíràn. Ó tún ki rédíò bọ inú báàgì rẹ̀.

"Màmá, ṣé a tún máa nílò rédíò níbẹ̀?"

"Bójú mi ò bá rí i dáadáa, etí mi á gbọ́."

A jókòó sí pálọ̀ à ń dúró. Fóònù bàbá mi dún. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà, kò séwu." Nígbà tó padà wọlé, kò wo ojú wa. Ìdí fíríìjì ló lọ, ó já àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà.

"Màmá, ẹ má bínú. Pásítọ̀ ló pè. Oníwàásù tí wọ́n gbà lálejò láti Texas mú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa mú wọn lọ. Mi ò lè sọ pé rárá fún pásítọ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ jù fún yín, oòrùn á sì pa yín. Ẹ ó rí i dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n."

Màmá mi wà níwájú dígí, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Kò tiẹ̀ yíjú padà. "Màmá, eré lásán ni. Wọ́n á tún gbá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo figbe ta. Mo ní wọ́n ti ṣèlérí. Bàbá mi wò mí lójú kan, mo dákẹ́.

"Ó dáa," ni Màmá wí. Ó dìde, ó gbé ike ṣiṣín náà, ó nà án sí bàbá mi. "Mú un dání fún àwọn ọmọ àlejò. Ebi á máa pa wọ́n níbẹ̀."

Bàbá mi sì gbà á. Ohun tí n kò lè gbàgbé nìyẹn. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó jáde. A gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ títí ó fi gba ojú títì. Màmá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí. Kò tan tẹlifíṣọ̀n, kò sì yọ rédíò nínú báàgì. Nígbà tí àbúrò mi ní ebi ń pa òun, ó dìde, ó bọ́ gèlè, ó lọ dáná.

Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí a ń jẹun alẹ́, ó sọ fún màmá mi pé òun fẹ́ lọ sílé.

"Sílé kẹ̀? Màmá, ta ló máa bá mi wo àwọn ọmọ? Ṣé ẹ ò rí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Mo rí i. Mo bí ọ, mo tọ́ ọ, mo rán ọ níwèé. Ó tó. Mo ti ṣe tèmi."

"Ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ bá lọ, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?" Màmá mi bú sẹ́kún.

Ìyá wo ló lè dúró kí ọmọ rẹ̀ máa sunkún? Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò tún dárúkọ ilé mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo wá di ẹni tó ń ka àwọn ìwé náà fún un. Bí mo bá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, á ní kí n tún un sọ ní Yorùbá. Ìdí tí Yorùbá fi wà lẹ́nu mi lónìí nìyẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lè kí ìyá wọn. Orúkún ń dùn ún, kò lè gòkè lọ sí yàrá wa mọ́. Àbúrò mi náà dàgbà, ó lè fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó lè fúnra rẹ̀ gbé oúnjẹ kaná. Ìgbà yẹn ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé, "Màmá ti darúgbó. Ó yẹ kí wọ́n lọ sinmi nílé." Ohun tó bèèrè nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára, tí wọ́n kọ̀ fún un, ni wọ́n wá ń fún un bí ẹ̀bùn nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí mọ́.

Wọ́n di ẹrù rẹ̀ sí àpótí méjì. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í. Bàtà fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọṣẹ, mílíìkì, aṣọ àlòkù fún àwọn ọmọ wọn. Àpótí kún.

"Àwọn ìwé mi ńkọ́?" ni Màmá bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ta ló fẹ́ ka béésìbọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn? Ojú yín gan-an ò ríran mọ́. A máa fi wọ́n ránṣẹ́ bá yín gba ojú omi."

Kò bá a jiyàn. Ó ní kí n gbé rédíò náà wá, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Máa lò ó. Ohùn wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ mi."

Inú páálí ni wọ́n kó àwọn ìwé náà sí nínú gáráàjì. Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún náà, omi wọbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé lọ́jọ́ kan, mo rí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí níwájú ilé wa, tó ń fi eyín irin rẹ̀ rún páálí. Ìró rẹ̀ dà bíi ti egungun nínú ẹnu ajá. Mo sáré, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn ti wọlé lọ. Bàbá mi ní omi ti bà wọ́n jẹ́, wọ́n ti ń rùn. Bóyá òótọ́ ni.

Àbúrò ọkọ Màmá ti kó ìdílé rẹ̀ wọ ilé Màmá ní Ìbàdàn tipẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún Màmá. Nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé, onítọ̀hún kò sì dá èèyàn mọ̀ mọ́. Bí mo bá pe Màmá lórí fóònù, ohun tó ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n borí lánàá?" Màá sọ ẹni tó jù, ẹni tó gbá, ẹni tó na afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, á ní, "Ṣé àwọn ìwé mi ti wà lójú omi báyìí?" Màmá mi á gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Wọ́n ti ń bọ̀, Màmá. Ojú omi ló máa ń pẹ́." Ó kú nígbà tó ṣì ń retí wọn.

Wọ́n sin ín dáadáa. Nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó fẹ́ràn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ó sì fi ayọ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú wọn ní Amẹ́ríkà. Mo wá béésìbọ́ọ̀lù láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo bi màmá mi léèrè, ó ní, "Ṣé ohun tó yẹ kéèyàn kọ nípa ìyá àgbà nìyẹn?"

Temple Hills ni mo ń gbé báyìí, èmi àti ọkọ mi. Mo ti tún àwọn kan rà nínú àwọn ìwé náà. Mo ń kà wọ́n, mo sì ń bá wọn jà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn nǹkan láìbá a jà. Ọwọ́ Màmá ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti wọ pápá béésìbọ́ọ̀lù náà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti rí i pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò pọ̀ tó bí bàbá mi ṣe wí. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà.

Lọ́dún tó kọjá, mo bí ọmọbìnrin. Màmá mi ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, orúkún ti ń dun òun náà. Ó wá kí wa, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Màá kó wá síbí," ló wí. "Ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ọmọ tọ́jú. Màá máa wò ó fún yín. Ẹ̀yin ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

"Rárá, Mọ́mì. Ẹ ṣé."

"Kí ló dé? Ṣé mi ò mọ ọmọ wò ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n wò. Ẹ máa wá kí i, kẹ́ ẹ sì máa padà sílé yín."

Ó wò mí títí. Mo rí i pé ó ti mọ ẹni tí à ń sọ. "O ṣì ń bá mi bínú lórí ọ̀rọ̀ Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi tọmọdé.

N kò sọ pé rárá, nítorí irọ́ ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kọ́. Gbogbo ìgbà èwe mi, ara okùn tí wọ́n fi de ìyá àgbà kan mọ́lẹ̀ ni mo jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó fẹ́ràn mi. Mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ màmá mi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé kí ilẹ̀ tó ṣú."